Ọjọ́ Tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ Láti Ìbéèrè Keje

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, mo rẹ aṣọ funfun tí a máa ń tẹ́ sórí tábìlì oúnjẹ Olúwa sínú omi ọṣẹ, mo ń fi àtàǹpàkò ha àbààwọ́n kan tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti oṣù tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń jáde ilé-ìwé lọ́dún yìí yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Ọ̀kan fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan fẹ́ ṣe tíṣà, ẹ̀kẹta kò tíì mọ èyí tó máa ṣe. Ẹ̀kẹta yìí ló bi mí pé, "Ìyá, wọ́n ní ẹ ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wo gan-an lẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu ẹ̀?"

Mo ronú, mi ò rí orúkọ fún un. Ẹni tó ń ránṣọ ń jẹ́ aránṣọ, ẹni tó ń gbẹ̀bí ń jẹ́ agbẹ̀bí. Èmi, iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni pé mo ń kọ́ àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní ohun tí wọ́n fẹ́ gbà gbọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, nítorí ẹnu mi kì í yá bí ọwọ́ mi.

Ọdún kejì tí rélùwéè dé Ìlọrin ni ọkọ mi mú mi wá síbí. Akọ̀wé ni ní sítéṣọ̀n. Mo ti ka ìwé díẹ̀ kọjá ilé-ìwé kékeré ní Abẹ́òkúta, nítorí náà nígbà tí ìjọ wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ń wá obìnrin tó lè kàwé geere, wọ́n ní kí n wá. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan tí à ń sọ. Kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Olùkọ́. Òun ló ń bójú tó ìjọ nígbà tí pásítọ̀ kò sí nítòsí, ó sì ga bí òpó wáyà. Ìwé ìbéèrè kì í kúrò ní abíyá rẹ̀. Ìwé kékeré kan ni, ó ní ìbéèrè ọgbọ̀n àti ìdáhùn ọgbọ̀n, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa rì bọmi láìmọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó lẹ́yìn kíláàsì kí ó tó jẹ́ kí n dúró níwájú. Lójoojúmọ́, ó máa ní kí n dìde kí n kà á láìwo ìwé. Bí mo bá sọ "àti" níbi tí ìwé ti sọ "pẹ̀lú", ó máa gbé ìka kan sókè.

"Ìyàwó Akọ̀wé, padà sí ìkíní."

"Bàbá, ìdáhùn kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo wà."

"Mo mọ ibi tí o wà. Padà sí ìkíní."

Mo sunkún lọ́jọ́ kan nítorí "pẹ̀lú". Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín: ìnira yẹn ló sọ mí di ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tó kan ẹ̀mí, ó yẹ kó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti ìkejì rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bí àwọn obìnrin bá ń pàtẹ́wọ́ jù: "Ìtara tí kò ní ìmọ̀, ẹṣin tí kò ní ìjánu ni." Obìnrin kan ṣoṣo ló máa ń dá a lóhùn. Ìyá Amọ̀kòkò ni. Ìyá á sọ láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹṣin tó ní ìjánu tí kò lè rìn ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Amọ̀kòkò jẹ́, nítorí àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìgbómìnà ni Ìyá. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ lórí ojú irin, wọ́n sì tẹ̀lé e wá sí Ìlọrin. Amọ̀ etí Odò Asà ni wọ́n ń wà, wọ́n sì ń fi mọ àmù tí ará ìlú ń rà, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, ẹni tó ń kọjá lọ sí sítéṣọ̀n á dúró gbọ́. Omi á máa dà lójú wọn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kì í dúró lórí wọn. Ẹ kọ́ wọn ní kẹta, kìíní á jábọ́.

Ìjọ ti dá Ìyá padà lẹ́ẹ̀kan kí n tó dé. Òfin ìjọ wa nígbà náà ni pé ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tó ń múra sílẹ̀. Ọmọ wọn àti ìyàwó ọmọ wọn ti ṣe ìrìbọmi. Ní ọjọ́ ìsinmi tí a bá fẹ́ jẹ oúnjẹ Olúwa, Bàbá Olùkọ́ á ké pé kí àwọn tí kò tíì ṣe ìrìbọmi bọ́ síta, wọn á sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá á dìde, wọ́n á di ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn mú, wọ́n á lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó, èmi ni mo fi ọmú fún ọmọ yẹn. Ó wà nínú ilé lọ́hùn-ún tó ń bá Olúwa jẹun, èmi wà níta, mò ń nu ikun ọmọ ẹ̀."

Nígbà tí Bàbá Olùkọ́ fi kíláàsì lé mi lọ́wọ́, mo pinnu pé obìnrin méjìlá tó wà níbẹ̀, títí kan Ìyá, ló máa yege. Mo wá ọ̀nà. Ọ̀nà náà sì wà ní iwájú ilé wa, tó ń pariwo láràárọ̀.

Ilé-kéwú kan wà ní òdìkejì ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọmọ á gbé wàláà tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú lé orí itan, wọ́n á máa ké, wọ́n á máa mi síwá sẹ́yìn, ohùn kan náà. Mo ṣàkíyèsí pé ọmọ ọdún mẹ́fà ń ké ohun tó gùn ju gbogbo ìwé ìbéèrè wa lọ, láìṣì. Mo sọ fún ara mi pé: ohun tó gbé ti wọn dúró á gbé tiwa náà dúró. Mo fi ìdáhùn ọgbọ̀n sí ohùn kan, láti ìkíní dé ọgbọ̀n, bí ẹni ń fa okùn láti inú kànga. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn obìnrin mi ń ké e nígbà tí wọ́n bá ń fọṣọ, nígbà tí wọ́n bá ń ṣẹ́gi. Ìyá Amọ̀kòkò nìkan ni kò lè bá wọn dé òpin. Bí wọ́n bá dé ìdáhùn kẹfà, omijé á ti gba ojú wọn, wọn ò ní rántí keje mọ́. Bàbá Olùkọ́ gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ku díẹ̀ kí ó rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ Àgbà tó máa ń wá yẹ kíláàsì wò ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń gbé e wá. Ní ọjọ́ náà, a wọ funfun, a tò. Pásítọ̀ Àgbà yọ ìwé ìbéèrè tirẹ̀ láti inú àpótí, ó ṣí i, ó sì mi orí. Ikán ti jẹ ewé àkọ́kọ́. Ó wo ewé kejì, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rí. Ìbéèrè keje ni.

"Ta ni ó tan Éfà jẹ?"

Àwọn obìnrin mi mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n mi síwájú, wọ́n sì ké ìdáhùn kìíní pẹ̀lú ohùn tó dán gbinrin: "Ọlọ́run Bàbá Olódùmarè ni!"

Pásítọ̀ Àgbà rò pé etí òun ló gbọ́ òdì. Ó bi wọ́n ní ìkẹjọ.

"Kí ni èrè ẹ̀ṣẹ̀?"

"Jésù Kristi Olúwa wa ni!"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ń mi orí sí wọn, wọ́n rò pé mò ń bá wọn mi síwá sẹ́yìn, wọ́n wá tẹra mọ́ ọn. Ó bi wọ́n ní ìkẹsàn-án, ẹni tó yẹ kí á sá fún. Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n ní kí á sá fún. Ó bi wọ́n ní ìkẹwàá, ibi tí a ti lè rí àwọn ẹni búburú.

"Ibi gbogbo ni!"

"Ìyẹn kì í kúkú ṣe irọ́," ni Pásítọ̀ Àgbà sọ, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Àárín ariwo yìí ni Ìyá Amọ̀kòkò ti bọ́ síwájú. Láti ìbéèrè àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ké pé, "Rárá o! Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, kí lẹ̀ ń wí? Olúwa mi kì í tan ènìyàn jẹ!"

Pásítọ̀ Àgbà yíjú sí wọn. "Ó dáa, Ìyá. Ta ló wá tan Éfà jẹ?"

Ìyá ronú. "Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo kàn mọ ẹni tí kì í ṣe."

Wọ́n dá gbogbo wa padà. Bàbá Olùkọ́ fi kálámù fa ìlà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ìyá. Ó ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí àlejò jáde, ó pè mí. "Ìyàwó Akọ̀wé, o sọ Olódùmarè di ejò lójú àlejò." Ó ní òun ì bá gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n Pásítọ̀ Àgbà ti ní kí wọ́n fi ọdún kan sí i fún mi. Bí kò bá dára lọ́dún tó ń bọ̀, kí n lọ jókòó ti ọkọ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Àfáà tó ni ilé-kéwú náà dúró lójú ọ̀nà, bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun nini.

"Ìyàwó Akọ̀wé, mo gbọ́ pé ẹ ṣubú."

"A ṣubú, Bàbá."

"Wọ́n ní ohùn wa lẹ fi ṣubú."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ohùn yín ni."

"Wàláhì, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ìdajì lo jí. Olè tó jí ẹsẹ̀ bàtà kan, ṣé ẹsẹ̀ kan ló fẹ́ máa fi fò kiri ni?"

Mo bi í pé ìdajì báwo. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ilé-kéwú. "Èyí tí ò ń gbọ́ láàárọ̀, kíké ni. Bí ọmọ bá ké e tán, a ó ṣe wòlímọ̀ fún un, a ó jẹ, a ó mu, ọmọ á rò pé òun ti mọ̀wé. Lẹ́yìn ìyẹn la tó máa sọ fún un pé kò tíì mọ nǹkan kan. Ìgbà náà ló tó máa padà wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án, kí n máa túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Ọdún gbọọrọ ni. Ìwọ kì í gbọ́ ti ọ̀sán, nítorí kì í láriwo." Ó ṣe àdúà fún mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo di olùkọ́, ọjọ́ náà ni. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo wọlé, mo ṣí ìwé, mo gbìyànjú láti túmọ̀ ìdáhùn kìíní fún ara mi, bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Kò rọrùn. Mo mọ gbogbo "pẹ̀lú" inú ìwé náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé mi rí.

Láàárín ọdún náà, oníwàásù kan tó ń lu agogo wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti ìhà gúúsù. Ẹ̀bá sítéṣọ̀n ló ti ń wàásù. Orin rẹ̀ dùn, kí n sọ òótọ́; ohùn orin náà ń bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ, kò dà bí àwọn orin tí a tú láti èdè òyìnbó tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ wa gba ọ̀nà ibòmíràn. Obìnrin mẹ́fà nínú méjìlá mi ló sá tẹ̀lé e, Ìyá Amọ̀kòkò ló ṣíwájú. Bàbá Olùkọ́ ní kí n yọ orúkọ wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá a jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tíì pé tí Ìyá fi wọlé tọ̀ mí wá, tí wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ wọn ọ̀tún, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán.

"Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Mo ti ṣe é, Ìyàwó. Mo ti fọ́ ọ."

"Kí lẹ fọ́?"

"Oníwàásù ní kí kálukú lọ sílé lọ fọ́ ìkòkò rẹ̀ níwájú Olúwa. Mo dé ilé, mo gbé ọmọ odó. Mi ò dá ọ̀kan sí. Mẹ́tàlélógún. Àwọn àmù tí wọ́n ti ní kí n mọ fún ilé ìyàwó wà níbẹ̀."

Mo jókòó. Mo fọ ọwọ́ wọn, mo dì í dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé pé ìwé máa ń fi ènìyàn wé ìkòkò, pé ọkàn ni oníwàásù ń sọ, kí á jẹ́ kí ọkàn wa rọ̀ níwájú Ọlọ́run.

"Ọkàn?"

"Ọkàn ni, Ìyá."

"Kì í ṣe àmù?"

"Kì í ṣe àmù."

Ẹ̀rín gbé Ìyá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ògiri. "Èèmọ̀ rèé! Ká ní mo gbọ́ ìtúmọ̀ ni, ẹyọ kan péré ni ǹ bá fọ́!" Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, wọ́n sọ pé, "Ìyàwó, kọ́ mi. Mi ò fẹ́ máa fẹ́ràn ẹni tí mi ò gbọ́ èdè ẹ̀." Wọ́n wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. "Ìwọ náà ńkọ́? Nígbà wo ni nǹkan tí ò ń kọ́ wa yìí pa ọ́ lẹ́kún gbẹ̀yìn?"

Mo fẹ́ sọ pé ọjọ́ "pẹ̀lú". Ojú tì mí. Mo ní, "Mi ò rántí, Ìyá."

"Ó dáa. Wàá kọ́ mi ní tìẹ, èmi náà á kọ́ ọ ní tèmi."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Mo bá wọn lọ sílé, a jọ ṣa àfọ́kù àmù náà. Inú wọn ni mo ti rí irinṣẹ́ mi. A mú ọgbọ̀n nínú àfọ́kù kéékèèké, Ìyá fi òkúta rin etí wọn kí ó má gé ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí wọn, láti oókan dé ọgbọ̀n. A kó wọn sínú igbá. Ní kíláàsì, kálukú á ti ọwọ́ bọ inú igbá, nọ́ńbà tó bá mú ló máa dáhùn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ohùn fa ìdáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa dáhùn: ẹ̀ẹ̀kan ní ohùn ìwé, bí a ṣe kọ ọ́ láìyẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní ohùn ilé, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá a dáná. Ẹni tó bá mọ ti ìwé tí kò mọ ti ilé kò tíì dáhùn. Ẹni tó bá mọ ti ilé tí kò mọ ti ìwé, kó padà lọ kọ́ ọ, nítorí ohùn ilé nìkan lè ṣìnà lọ fọ́ àmù oníbàárà.

Mo mú àwọn orin oníwàásù agogo náà wọ kíláàsì. Àwọn mẹ́fà tó sá lọ padà wá, wọ́n sì mú mẹ́ta míì dání. Èmi náà ń kọ́ tèmi. Ní ọjọ́ kan tí mò ń sọ ìdáhùn kejìlá ní ohùn ilé, ohùn mi gbọ̀n, mi ò lè parí rẹ̀. Ìyá Amọ̀kòkò kàn fi ìgúnpá gún ẹnìkejì wọn pé, "Ó ti ń jinná."

Lẹ́yìn náà ni síléètì dé, tí ìwé alápèjúwe fi dé, tí pátákó dúdú fi wà lára ògiri. Mo lo gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n igbá àfọ́kù yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, nọ́ńbà tó bá sì ti pa rẹ́ ni mò ń fi ẹfun tún kọ.

Ọdún yí po. Pásítọ̀ Àgbà dé. Bàbá Olùkọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ àti kálámù. Mo rí ìlà méjì tó wà níwájú orúkọ Ìyá láti ibi tí mo dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, Pásítọ̀ Àgbà mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó bọ́ sí àárín, ó fò síwájú. Àwọn obìnrin dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó bi wọ́n pé ta ni ó tan Éfà jẹ, ọ̀kan sì dáhùn pé, "Èṣù ni, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bi wá mọ́." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó wá kan Ìyá.

"Kí ló dé tí Jésù fi wá sí ayé?" Ìbéèrè kọkànlá ni.

Ìyá dìde. "Láti wá gba àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ là, gẹ́gẹ́ bí..."

Wọ́n dúró. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kù. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo fi eyín mú ètè mi kó má jáde. "Gẹ́gẹ́ bí..." Bàbá Olùkọ́ ti kálámù bọ inú tàdáwà.

"Ẹ̀yin bàbá," ni Ìyá wí, "ti ìwé há mi lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí n gba ti ilé wá a lọ."

Bàbá Olùkọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ Àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ máa bọ̀, Ìyá."

"Amọ̀kòkò ni mí. Ẹni tó mọ ìkòkò kì í fẹ́ kó fọ́. Ọlọ́run ló mọ wá, ó sì mọ̀ wá. Àwa la lọ fọ́ra wa mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, ìgbálẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n kò gbá wa dànù. Ó rán Ọmọ ẹ̀ pé kó wá ṣa àfọ́kù. Ẹni tó bá ti ṣa àfọ́kù rí mọ̀ pé ó ń gé ni lọ́wọ́." Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, àpá wà níbẹ̀. "Ó gé e lọ́wọ́ méjèèjì. Ó lè fi wá sílẹ̀. Kò fi wá sílẹ̀, nítorí Bàbá ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ó wá wa, ó ti ṣe..." Wọ́n dúró lójijì. Ojú wọn là. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gbàà! "Ó ti ṣe ìlérí! Gẹ́gẹ́ bí ìlérí Bàbá! Láti wá gba àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ là, gẹ́gẹ́ bí ìlérí Bàbá!"

Àwọn obìnrin bẹ́ sókè. Wọ́n ń ké, wọ́n ń dì mọ́ Ìyá, fìlà Bàbá Olùkọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pásítọ̀ Àgbà dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ìyá, ẹ ní ó mọ wá àbí ó mọ̀ wá?"

"Méjèèjì ni, Bàbá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò lè mọ ọ́n."

Pásítọ̀ Àgbà wo Bàbá Olùkọ́. Bàbá Olùkọ́ ń ṣí ìwé ìbéèrè, ó ń lọ láti ewé kan dé èkejì, ó ń pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pa ìwé dé.

"Ìdáhùn yẹn kò sí nínú ìwé," ni ó wí. "Mo wá a títí. Kò sí ńbẹ̀." Ó fi kálámù pa ìlà méjèèjì rẹ́. "Ó yẹ kó wà ńbẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Má yí ọ̀rọ̀ kankan padà."

Gbogbo obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yege. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo rí ọdún tí ìtara fẹ́ gbá wa lọ, mo sì rí ọdún tí ìmọ̀ fẹ́ sọ wá di yìnyín. Nígbà tí ọ̀kan bá ti fẹ́ ṣíwájú jù, mo mọ èyí tó yẹ kí n dúró tì. Ìdí tí mo fi sọ èyí fún yín ni pé iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹ máa rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ máa rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ má dúró sọ́dọ̀ ọ̀kankan.

Odò Asà ni wọ́n ti rì wọ́n bọmi, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn sì mú. Ní ọjọ́ kejì ni oúnjẹ Olúwa. Mo jókòó ti Ìyá. Bàbá Olùkọ́ dìde, ó ké pé kí àwọn tí kò tíì ṣe ìrìbọmi bọ́ síta. Àwọn ọmọdé dìde. Ìyá náà dìde. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ-ọmọ wọn kékeré mú, wọ́n forí lé ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá. Mo fa etí aṣọ wọn.

"Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ? Ẹ jókòó."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀ kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, wọ́n sì rọra jókòó. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ funfun kúrò lórí tábìlì, Ìyá na ọrùn, wọ́n fi èjìká tì mí díẹ̀.

"Sún, Ìyàwó," ni wọ́n wí. "Láti ọdún wọ̀nyí wá, ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tábìlì yìí. Jẹ́ kí n rí i."